Ọwọ́ Azeezat Kò Gbọ̀n

Abọ́ kan ló kọ́kọ́ ba ọkàn Olúyẹ́misí jẹ́. Abọ́ oníke aláwọ̀ ewé ni, etí ìdérí rẹ̀ ti ya, kò sì sí ẹni tó máa rí i nílẹ̀ tó máa bẹ̀rẹ̀ mú un. Ó bá a lórí tábìlì iṣẹ́ Bọ̀sún ní Ìkàtẹ́ Ẹlẹ́gùṣì lọ́sàn-án Ọjọ́rú kan nínú oṣù Kẹsàn-án, láàárín wáyà bàbà àti mọ́tò ẹ̀rọ afami mẹ́ta tí wọ́n ti tú. Ó mọ abọ́ náà. Ti ìyá Bọ̀sún ni, tó ń gbé ní Làkọwé, ẹni tó bá sì wu ìyá náà nìkan ló máa ń fi di oúnjẹ fún. Fún ọdún mẹ́ta tí Yẹ́misí àti Bọ̀sún ti ń fẹ́ra, abọ́ náà kò dé ọ̀dọ̀ Yẹ́misí rí. Lọ́jọ́ yẹn, Azeezat, akẹ́kọ̀ọ́ tí Yẹ́misí ń bójú tó, ló ń gbé e lọ fọ̀.

Azeezat kúnlẹ̀ kí i, ó pè é ní Àǹtí Yẹ́misí bó ṣe máa ń ṣe. Ó ní Màmá fi mọ́ínmọ́ín ránṣẹ́, òun àti Bọ̀dá Bọ̀sún sì ti jẹ ẹ́ tán, ká ní àwọn mọ̀ pé Àǹtí ń bọ̀ ni, àwọn ì bá fi díẹ̀ sílẹ̀. Yẹ́misí rẹ́rìn-ín. Ó béèrè bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, ó dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Inú kẹ̀kẹ́ Márúwá ló wà kó tó rántí pé òun kò tilẹ̀ sọ ohun tí òun bá wá fún Bọ̀sún.

Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Yẹ́misí nígbà náà. Olùkọ́ ni ní ẹ̀ka físíìsì ní yunifásítì kan lójú ọ̀nà Ẹ̀pẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ṣòro láti ṣàlàyé fún ẹbí, nítorí kì í fọwọ́ kan nǹkan kan. Àwọn ohun kan wà láyé tó jẹ́ pé bí èèyàn bá gbé òòfà sún mọ́ wọn, ọ̀nà tí iná ń gbà kọjá nínú wọn á yí padà. Nínú òmíràn, ọ̀nà náà á há mọ́ iná. Nínú òmíràn, á là fún un. Yẹ́misí á jókòó ti kọ̀ǹpútà, á fi ìṣirò kọ́ àwòṣe irú ohun bẹ́ẹ̀, á sì sọ bí ìdènà tí iná máa bá pàdé níbẹ̀ yóò ṣe pọ̀ tó, kí ẹnikẹ́ni tó wọ̀n ọ́n. Ìyá rẹ̀ máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ọmọ òun ń ṣiṣẹ́ lórí iná. Àwọn yẹn á ní kó jọ̀ọ́, kó bá àwọn sọ ọ́ fún Yẹ́misí pé iná kò tíì dé àdúgbò àwọn láti ọjọ́ kẹta.

Òòfà ló mú òun àti Bọ̀sún pàdé. Òòfà ńlá tí wọ́n ń lò ní yàrá àyẹ̀wò yunifásítì náà kì í ṣe irú èyí tí ọmọdé fi ń ṣeré. Iná tó ń gba inú kọ́ìlì wáyà kọjá ló ń sọ ọ́ di òòfà, kọ́ìlì náà sì jóná. Wọ́n ní ọkùnrin kan wà ní Ìkàtẹ́ tó mọ bí wọ́n ṣe ń tún kọ́ìlì mọ́tò wé. Yẹ́misí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n tó jẹ́ ọ̀gá wọn rán, nítorí ẹ́sítéètì kan ní Àjá lòun àti àwọn òbí rẹ̀ ń gbé, òun ló sún mọ́ ibẹ̀ jù. Bọ̀sún gbóòórùn kọ́ìlì náà, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó béèrè ohun tí wọ́n ń fi ṣe. Ó fara balẹ̀ gbọ́ àlàyé Yẹ́misí títí dé òpin.

"Ẹ̀yin fúnra yín ò wọn nǹkan kan rí?" ó béèrè.

"Rárá. Èmi máa ń ṣírò ẹ̀ ni."

"Ẹ gba ara yín gbọ́ gan-an o."

Kò sọ ọ́ bí èébú, Yẹ́misí kò sì gbà á bẹ́ẹ̀. Ìrìn ẹ̀ẹ̀kan ni iṣẹ́ náà gbà, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹrin ló padà lọ. Ó bi Bọ̀sún ìdí tó fi jẹ́ bàbà ni wọ́n fi ń ṣe wáyà, ó bi í ní ohun tó ń dán lára rẹ̀, ó bi í ní ìdí tí mítà kì í fi í ka iye kan náà bí mọ́tò bá gbóná. Bọ̀sún dáhùn gbogbo rẹ̀, òun náà sì bi Yẹ́misí ní tirẹ̀. Kí ọdún yẹn tó parí, ó ti ṣíwọ́ pípè é ní "ẹ."

Màmá Yẹ́misí, tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ báǹkì, kò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Àkọ́kọ́, Bọ̀sún kò lọ sí yunifásítì. Ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ló parí. Èkejì, ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n bí i sí, ìyá rẹ̀ sì wà lára àwọn àgbà obìnrin ìjọ náà ní Làkọwé. Màmá ní ṣé ọmọ tí òun rán lọ sílé-ẹ̀kọ́ títí tó fi di dókítà ni yóò máa bọ́ bàtà rìn kiri nínú aṣọ funfun. Bàbá Yẹ́misí kò sọ púpọ̀. Ohun kan ṣoṣo ló bi ọmọ rẹ̀: ṣé ọkùnrin náà máa ń fetí sílẹ̀ bó bá ń sọ̀rọ̀? Yẹ́misí ní bẹ́ẹ̀ ni.

Àbúrò Màmá, Àǹtí Rẹ̀míláyọ̀ tó ń ta táìlì ní Awóyáyà, ló di alárinà. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni tó fi gbé fáànù kan tó ti bàjẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù Bọ̀sún bí oníbàárà lásán. Bọ̀sún tún un ṣe, ṣùgbọ́n ó sọ fún un pé fáànù náà kò ní í pẹ́ tún bàjẹ́, kó má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún gbowó àtúnṣe lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Àǹtí dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní ọkùnrin tí kò lè purọ́ lórí fáànù, kí ló kù tí ẹ ń wá. Síbẹ̀, ọdún méjì ni Àǹtí fi ń lọ tó ń bọ̀ láàárín Àjá àti Làkọwé kí Màmá tó gbà. Wọ́n fi mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ sí Sátidé kan láàárín oṣù Kọkànlá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn nígbà tí Azeezat wọ ọ̀rọ̀ náà. Akẹ́kọ̀ọ́ másítà ni, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, tó ga, tó sì máa ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti wọn ohun tí Yẹ́misí ti ṣírò: ohun dúdú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí wọ́n tẹ́ sórí gíláàsì, tí wọ́n máa fi iná sí, tí wọ́n á sì gbé òòfà tì. Wọ́n ní kí Bọ̀sún ṣe òòfà tuntun tó lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tí wọ́n lè máa yí síhà tó bá wù wọ́n. Nítorí náà ni Azeezat fi ń lọ sí Ìkàtẹ́ ní gbogbo Ọjọ́rú. Yẹ́misí fúnra rẹ̀ ló ní kó máa lọ. Òun kò bá a lọ, nítorí kò rí ohun tí ọwọ́ òun lè ṣe níbẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ abọ́ yẹn, Yẹ́misí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ wọn. Bọ̀sún sọ fún un lórí fóònù nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan pé bí kọ́ìlì náà bá gbóná jù, ó lè ba wíwọ̀n náà jẹ́, pé ìdí nìyẹn tí òun fi fẹ́ fi fáànù sí i. Yẹ́misí béèrè ẹni tó kọ́ ọ. Ó ní Azeezat ni. Ọ̀rọ̀ kékeré ni, ṣùgbọ́n ó gún un. Òun ló máa ń ṣàlàyé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún Bọ̀sún tẹ́lẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìgbà tí àwọn méjèèjì wà lórí Wáàsáàpù. Ó ń to ohun kékeré mọ́ ohun kékeré, mọ́ínmọ́ín mọ́ ẹ̀rín, ẹ̀rín mọ́ Ọjọ́rú, bó ṣe máa ń to iye mọ́ iye nínú ìṣirò rẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì ń bára mu. Ohun tó dùn ún jù nìyẹn, pé ó ń bára mu. Ó sì ń sọ fún ara rẹ̀ pé àgbà ni òun, pé òun kì í ṣe òjòwú.

Ọjọ́ ìkórè ìjọ wọn ní Làkọwé ló wá bà á jẹ́ pátápátá. Yẹ́misí lọ bá ìyá Bọ̀sún yọ̀, ó bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu géètì, ó jókòó sẹ́yìn. Lẹ́yìn ìsìn, ìyá náà ń sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nípa Azeezat. Ọmọ Mùsùlùmí ni o, ó ní, Bọ̀sún ló rán an sí òun lọ́jọ́ kan bó ṣe ń ti iléèwé bọ̀, ṣùgbọ́n kó tó lọ, ó ti bá òun bó ẹ̀wà tán. Ó ní ọwọ́ ọmọ yẹn yá, ọwọ́ rẹ̀ gún. Ó wá yíjú sí Yẹ́misí, ó rẹ́rìn-ín sí i.

"Ìwọ, orí ni tìẹ, ìyàwó mi," ó ní.

Ìyá náà fi yìn ín ni. Ohun tí Yẹ́misí gbọ́ ni pé òun kò lọ́wọ́.

Ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kẹ́yìn oṣù Kẹwàá, Azeezat kó èsì wíwọ̀n rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó ní láti yára, nítorí yunifásítì kan lókè òkun ti fún un láàyè ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, wọ́n sì fẹ́ rí i pé Ọ̀jọ̀gbọ́n ti fọwọ́ sí iṣẹ́ másítà rẹ̀ kó tó di ọjọ́ karùn-ún oṣù Kọkànlá. Ó tẹ́ gíráàfù rẹ̀ sórí tábìlì. Kò bá àwòṣe Yẹ́misí mu. Àwòṣe náà sọ pé ìdènà iná máa lọ sílẹ̀ bí òòfà bá ti ń lágbára sí i, síbi yòówù kí òòfà kọjú sí. Èsì Azeezat ní ó ń lọ sílẹ̀ bí òòfà bá dábùú ọ̀nà tí iná ń gbà, ṣùgbọ́n bí òòfà bá tọ ọ̀nà kan náà pẹ̀lú iná, ṣe ni ìdènà ń lọ sókè.

Ọ̀jọ̀gbọ́n wò ó títí. "Yẹ́misí, ìwọ lo kọ́ àwòṣe yìí," ó ní. "Wíwọ̀n ọmọ yìí ni kò dáa ni, àbí àwòṣe rẹ?"

Yẹ́misí ti mọ̀. Nígbà tó ń kọ́ àwòṣe náà, apá kan wà níbẹ̀ tó jẹ mọ́ ibi tí òòfà kọjú sí. Ó ṣírò rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó rí i pé ó kéré, ó sì yọ ọ́ kúrò kí ìyókù lè rọrùn. Bó ti rí gíráàfù yẹn báyìí ló mọ̀ pé ohun tí òun yọ kúrò ló padà wá síwájú òun. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Azeezat wọ̀n ọ́n, ẹ̀ẹ̀mẹrẹ̀ẹ̀rin ló sì rí bákan náà. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó gbójú sókè láti sọ ọ́. Nígbà náà ló rí ẹ̀gbà ọwọ́ kan lọ́rùn ọwọ́ Azeezat, wáyà bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n lọ́ pọ̀, irú wáyà tó máa ń kù sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù Bọ̀sún.

"Ọwọ́ rẹ̀ ló ń gbọ̀n, sà," ó ní. "Bó ṣe so wáyà mọ́ gíláàsì yẹn ò dúró dáadáa. Kó tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀."

Azeezat wò ó. Kò jiyàn. Ó kó ìwé rẹ̀ jọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní, "Ẹ ṣé, mà," ó sì jáde.

Ká sọ òótọ́, inú Yẹ́misí dùn lọ́jọ́ yẹn. Ó jẹun dáadáa. Ó bá ìyá rẹ̀ yan àwọ̀ aṣọ tí wọ́n máa fi ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Ó ń fi ẹ̀jẹ̀ sínú, ó ń tu itọ́ funfun jáde. Nígbà tó bá Azeezat pàdé lẹ́nu ọ̀nà yàrá àyẹ̀wò lọ́jọ́ kejì, ó ní kó má bínú, kó mú sùúrù, iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì gba sùúrù.

Ọjọ́ karùn-ún oṣù Kọkànlá kọjá. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan péré tí ẹbí méjèèjì máa pàdé, Yẹ́misí lọ sí Ìkàtẹ́. Ó bá Bọ̀sún níjòókòó nílẹ̀, ó ń fi píláyà tú kọ́ìlì òòfà ńlá náà, tí wọ́n ti gbé padà wá láti yunifásítì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi wé e. Èyí tó ju ìdajì lọ ti wà nílẹ̀ gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, wáyà sì ti ya á ní ìka méjì.

"Kí lo ń ṣe?" Yẹ́misí bi í.

"Azeezat ní wọ́n ní wíwọ̀n òun ò dáa. Ó ti pàdánù ibi tó fẹ́ lọ." Kò dáwọ́ dúró. "Mo ti rí ọmọ yẹn níbi tó ti ń wọn nǹkan. Ọwọ́ ẹ̀ kì í gbọ̀n. Tí kì í bá ṣe ọwọ́ ẹ̀, á jẹ́ pé kọ́ìlì mi ni. Ó ní láti jẹ́ pé mo ṣì í kà níbì kan."

Ó yẹ kí Yẹ́misí sọ ọ́ nígbà náà. Ohun tó tẹnu rẹ̀ jáde yàtọ̀.

"Kí ló wà láàárín ìwọ àti Azeezat?"

Bọ̀sún gbé píláyà sílẹ̀. Ó wò ó bí ẹni tó ń retí pé kó rẹ́rìn-ín. Nígbà tí kò rẹ́rìn-ín, ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò.

"Kò sí nǹkan kan tí à ń ṣe tí a ò lè ṣe níwájú ẹ," ó ní. "Ṣùgbọ́n mi ò ní í purọ́ fún ẹ, mo máa ń retí Ọjọ́rú. Ó máa ń bi mí ní ìbéèrè nípa iṣẹ́ mi. Ìwọ náà máa ń bi mí tẹ́lẹ̀, Yẹ́misí. Ó ti lé lọ́dún kan tó o ti bi mí ní nǹkan gbẹ̀yìn."

Yẹ́misí ti múra sílẹ̀ de irọ́. Kò múra sílẹ̀ de èyí. Ó wo wáyà tó wà nílẹ̀, ó wo ìka Bọ̀sún tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ó sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ́nu òun ló máa dá a dúró. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ó ní orí ń fọ́ òun, ó sì padà sílé.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, ó jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó dá apá tó yọ kúrò nínú àwòṣe náà padà síbi tó wà. Kọ̀ǹpútà ṣírò rẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta. Nígbà tó parí, ìlà tuntun náà gba orí èsì Azeezat kọjá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé ọwọ́ kan náà ló fà wọ́n. Kò sunkún. Ó wọkọ̀ lọ sí Awóyáyà.

Àǹtí Rẹ̀míláyọ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀ lórí àpótí táìlì níwájú ṣọ́ọ̀bù. Lẹ́yìn náà ló béèrè bóyá ẹnikẹ́ni mọ̀ pé Yẹ́misí ti mọ òótọ́ lọ́jọ́ tó sọ̀rọ̀ yẹn. Yẹ́misí ní kò sí.

"Lọ sọ fún ọ̀gá ẹ pé o ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i ni," Àǹtí ní. "Àbí o ò rí i? Ọmọ yẹn á gba iṣẹ́ ẹ̀ padà, Bọ̀sún á mọ̀ pé kọ́ìlì ẹ̀ dáa, Sátidé á sì kò wá láyọ̀. Ọdún méjì ni mo fi rin ọ̀nà yìí, Yẹ́misí."

Kò ní ibi lọ́kàn. Yẹ́misí rò ó wò, ó sì rí i pé yóò ṣiṣẹ́. Kò sí ibi tó ti jò. Ohun tí kò jẹ́ kó lè ṣe é ni ojú tí Azeezat fi wò ó nígbà tó ń kó ìwé rẹ̀ jọ.

"Ó mọ̀, Àǹtí," ó ní. "Ó wo ojú mi, ó mọ̀."

Ní Ọjọ́ Ajé, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún Ọ̀jọ̀gbọ́n, títí kan ìdí tó fi ṣe é. Bàbá náà bọ́ ìgò ojú rẹ̀. Ó ní òun ì bá fẹ́ kó jẹ́ pé àìmọ̀ ni. Ó gba àbójútó Azeezat kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní nínú ìwé tí wọ́n máa tẹ̀ jáde lórí iṣẹ́ náà, orúkọ Azeezat ni yóò ṣáájú, Yẹ́misí kò sì ní í bójú tó akẹ́kọ̀ọ́ kankan fún ọdún méjì. Ó kọ lẹ́tà sókè òkun lọ́jọ́ náà gan-an. Èsì tí wọ́n fún un ni pé ààyè ti ọdún yìí ti lọ, kí Azeezat máa bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀.

Yẹ́misí lọ bá Azeezat nínú yàrá àyẹ̀wò. Ó tọrọ àforíjì, ó sọ fún un nípa abọ́, nípa Ọjọ́rú, nípa ẹ̀gbà ọwọ́. Azeezat wo ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ní òun fúnra òun lòun lọ́ ọ, nínú wáyà tí wọ́n fẹ́ dà nù.

"Mo mọ̀ pé ẹ mọ̀, mà," ó ní. "Ohun tí mi ò mọ̀ ni ohun tí mo fi ṣẹ̀ yín. Mo kàn ń rò ó ṣáá." Ohùn rẹ̀ kò yí padà. "Mo ti forí jì yín nítorí Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ṣíwọ́ pípè yín ní Àǹtí fúngbà díẹ̀."

Láti ọjọ́ yẹn, Dókítà ló ń pè é.

Bọ̀sún ló kẹ́yìn, nítorí òun ló bà á lẹ́rù jù. Nígbà tó dé Ìkàtẹ́ lọ́jọ́ kejì, kọ́ìlì ti tú tán, wáyà rẹ̀ ti wà nínú àpò méjì. Bọ̀sún gbọ́ ọ láìdá sí i. Nígbà tó parí, ohun kan ló béèrè.

"Lọ́jọ́ tó o bá mi nílẹ̀ níbí, tí mò ń tú u, o ti mọ̀?"

"Mo ti mọ̀."

"O dúró, o ń wò mí."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Bọ̀sún mi orí. Kò pariwo. Ó ní kó sọ fún àwọn ara ilé rẹ̀ pé kí wọ́n má wulẹ̀ retí àwọn ní Sátidé.

Yẹ́misí rò pé inú ìyá òun máa dùn. Ó sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ fi bàjẹ́ fún àwọn òbí rẹ̀, kò fi nǹkan kan pamọ́. Màmá gbọ́ ọ, ó wá ní kí Yẹ́misí dúró ná. Ó ní Bọ̀sún ti pe Àǹtí Rẹ̀míláyọ̀, ohun tó sì sọ fún Àǹtí ni pé òun ni òun kò tíì múra tán, kí wọ́n má bínú sí òun, kí wọ́n má sì dá ọmọ wọn lẹ́bi.

"Ó bò ẹ́ láṣìírí," Màmá ní. Ó jókòó, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ọdún méjì ni mo fi ń wá àléébù ọmọ yẹn kiri. Lọ bẹ̀ ẹ́."

Yẹ́misí bẹ̀ ẹ́ lórí fóònù, ó bẹ̀ ẹ́ nínú ìwé. Bọ̀sún máa ń dáhùn pé òun ti gbọ́. Oṣù Kejìlá lọ, oṣù Kìíní lọ. Ó máa ń rò pé Azeezat ṣì ń lọ sí Ìkàtẹ́, nítorí Ọ̀jọ̀gbọ́n ti ní kó tún wọn nǹkan náà síwájú sí i níhà púpọ̀, Bọ̀sún sì gbọ́dọ̀ tún òòfà ṣe fún un. Owú náà kò kúrò. Àwọn ọjọ́ kan wà tó ń jẹ ẹ́ lára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí kò tún ní ẹ̀tọ́ sí i mọ́.

Ní Ọjọ́rú kan nínú oṣù Kejì, ó gba ìyọ̀ǹda níbi iṣẹ́, ó sì lọ. Bọ̀sún ń gbé irin tó fẹ́ wé wáyà mọ́ síbi iṣẹ́. Kò lé e. Yẹ́misí dúró ní ẹ̀gbẹ́ tábìlì, kò mọ ibi tó máa gbé ọwọ́ sí.

"Kí nìdí tó o fi ń fi bébà sáàárín ìpele wáyà kan àti èkejì?" ó béèrè.

Bọ̀sún wò ó, ó sì ṣàlàyé: kí iná má baà fò láti ìpele kan bọ́ sórí èkejì. Yẹ́misí béèrè ìdí tí bébà náà fi nípọn tó bẹ́ẹ̀. Ó tún dáhùn. Nígbà tó yá, ó ní ẹ̀rọ tó ń bá òun ka wíwé kò gba kọ́ìlì tó tóbi báyìí, bó bá fẹ́, kó jókòó kó máa bá òun kà á. Ìpele kọ̀ọ̀kan gba wíwé mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún.

Ó wá ní Ọjọ́rú mẹ́ta tẹ̀ léra wọn. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bọ̀sún á máa yí i, Yẹ́misí á máa kà, á sì máa fi ìka tẹ wáyà kó lè jókòó dáadáa. Ọwọ́ rẹ̀ ń ro ó, èékánná rẹ̀ méjì ya.

Ní Ọjọ́rú kẹrin, Azeezat wọlé. Ó kí Dókítà. Ó wá sọ fún Bọ̀sún pé àga tí òòfà yóò máa yí lé lórí ń dún bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀, pé àwọn ará yàrá kejì ti ń béèrè bóyá ó ń sin ẹran. Bọ̀sún rẹ́rìn-ín títí tó fi gbé orí sẹ́yìn. Láti oṣù Kọkànlá, kò tíì rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ lójú Yẹ́misí. Fóònù Azeezat dún, ó bọ́ síta láti gbé e.

"Mélòó la dé?" Bọ̀sún béèrè.

Yẹ́misí wo kọ́ìlì náà. Ìpele náà ti kọjá ìdajì dáadáa. Bó bá sọ pé méjìdínlọ́gọ́ta, kò ní í jìnnà sí i, kò sì sí ẹni tó máa mọ̀ láéláé.

"Mi ò mọ̀," ó ní. "Nígbà tó o rẹ́rìn-ín, mo ṣì í kà. Mo ṣì ń jowú, Bọ̀sún."

Bọ̀sún wo ojú rẹ̀ fúngbà pípẹ́. Ó wá etí wáyà náà rí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìpele náà, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí tó fi kan bébà. Nígbà tó tú u tán, ó fi etí wáyà náà lé Yẹ́misí lọ́wọ́ kó bá òun dì í mú.

"Sọ fún Àǹtí Rẹ̀míláyọ̀," ó ní, "kí wọ́n bá wa wá Sátidé mìíràn lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde."

Ó yí i lẹ́ẹ̀kan, ó sì dúró dè é.

"Ení," Yẹ́misí ní.